Máàkì Kan Tí Kò Sí Nínú Káyé Mi

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ni mo rí i. Mo tan ẹ̀rọ eré náà láti mọ̀ bóyá pílì tó ń fún un níná ṣì lágbára, kí ẹ̀gbọ́n mi tó jí, nọ́ńbà kan sì yọ lójú gíláàsì rẹ̀: 128. Mo wọ awò ojú mi. 128 náà ni. Mo ṣí káyé mi, ìwé tí mo ń kọ gbogbo máàkì sí, mo fi ìka tẹ̀ lé e láti ojú ewé dé ojú ewé. Èyí tó ga jù lọ níbẹ̀ ni 97.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí máàkì ọmọ kan bá ṣàdédé ga ju ohun tí mo mọ̀ mọ́ ọn lọ, n kì í yọ̀, n kì í sì bínú. Màá kàn wo ẹni tó jókòó tì í ni.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ bí obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì ṣe di ẹni tó ń ṣọ́ eré ọmọdé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo tó kù, ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù nínú ilé wọn ní Ekpè. Àwọn nìkan ni wọ́n ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà tí ìyàwó wọn ti kú. Nígbà tí wọ́n kúrò ní ilé ìwòsàn, mo mú wọn wá sí ilé mi ní Cotonou. Ẹsẹ̀ wọn kò pẹ́ kó tó padà bọ̀ sípò. Ẹnu wọn kò tilẹ̀ lọ síbì kankan. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún wọn kàn sùn lórí itan bí ẹja tó ti kúrò nínú omi. Obìnrin kan wà ní ilé ìwòsàn tó ń kọ́ àwọn aláìsàn bí wọn yóò ṣe máa lo ọwọ́ padà. Ó sọ fún mi pé àtàǹpàkò ni kí n kọ́kọ́ bá jà.

“Ẹ wá ohun tí wọn yóò máa tẹ̀, tí kò ní tètè sú wọn,” ni ó wí.

Mo rántí àpótí kan tó wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù. Ọmọbìnrin mi, tó ti wà lókè òkun báyìí, fi ẹ̀rọ eré ìgbà ọmọdé rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀. Àwọ̀ eérú ni, kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ, pílì mẹ́rin ló ń lò, gíláàsì rẹ̀ sì dà bí omi tí ewé rà sí. Bọ́tìnnì bí àgbélébùú wà lápá òsì, bọ́tìnnì róbótó méjì wà lápá ọ̀tún. Kásẹ́ẹ̀tì márùn-ún ló bá a wà nínú àpótí, eré kọ̀ọ̀kan sì ní kásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀.

Àwọn tó mọ̀ nípa eré wọ̀nyí lè to wọ́n lọ́nà mìíràn. Èmi to tèmi bí ó ti ṣe àtàǹpàkò láǹfààní. Eré ọkọ̀ asáré ló gbẹ́yìn: a kàn ń tẹ bọ́tìnnì kan mọ́lẹ̀ ni, àtàǹpàkò á sì sùn síbẹ̀. Eré ẹja pípa tu ọkàn lára, àmọ́ ìdúró pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀gbọ́n mi sùn lọ tí ìwọ̀ ṣì wà nínú omi. Eré bọ́ọ̀lù mú wọn pariwo débi pé aládùúgbò wá béèrè ẹni tí à ń bá jà. Eré ọkùnrin kékeré tó ń sáré, tó ń fo kòtò, ì bá gba ipò kìn-ín-ní, nítorí kò sí bí a ṣe lè fò láìtẹ bọ́tìnnì ọ̀tún. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin náà bá já sí kòtò, ẹ̀gbọ́n mi á bú u dé orí àwọn òbí rẹ̀, èmi kò sì fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wọn tún ru.

Eré òkúta ló borí gbogbo rẹ̀. Òkúta onígun ń já bọ́ láti òkè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ òsì ń tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún, ọwọ́ ọ̀tún ń yí i, kó lè bọ́ sí àyè rẹ̀ bíi bíríkì lára ògiri. Ìlà tó bá kún á parẹ́. Bí òkúta bá ga kan òkè, eré tán. Òkúta kan kò lè tò dáadáa bí àtàǹpàkò ọ̀tún kò bá ṣiṣẹ́. Ó tún ní ohun kan tí olùkọ́ fẹ́ràn: iye ìlà tó parẹ́ ni máàkì, èyí tó ga jù lọ á sì wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà kódà bí a bá pa ẹ̀rọ. Bí a bá ti tan án ni yóò yọ. Ojú ewé yìí sì ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń tètè tẹ̀ kọjá. Ó yẹ kí ìyẹn ti kọ́ mi lọ́gbọ́n.

Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni à ń ṣe é, lẹ́yìn ẹ̀kọ àárọ̀ àti lẹ́yìn oorun ọ̀sán. Mo kọ òfin rẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́ nínú káyé: bí wọ́n bá ti pa ìlà ọgọ́ta rẹ́, ọwọ́ wọn ti tó de bọ́tìnnì ẹ̀wù, ó ti tó gbé omi gbígbóná, wọ́n lè padà sí Ekpè. Nígbà tí wọ́n dé 58, mo rò ó pé ọgọ́ta kéré díẹ̀. Omi gbígbóná kì í ṣe ohun àmúṣeré. Mo fa igi sí i, mo kọ ọgọ́rin. Nígbà tó yá, kó lè dájú, mo sọ ọ́ di ọgọ́rùn-ún. Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọmọ gòkè kíláàsì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣì ń gbọ̀n.

Láti ìgbà náà, ojú kan ni a wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: 94, 91, 97, 95, 93. Ẹ̀rù ń bà mí. Obìnrin ilé ìwòsàn ti kìlọ̀ fún mi pé ọwọ́ lè dé ibì kan kó má kúrò níbẹ̀ mọ́ títí ayé. Mo ti ń sunkún lórí 97 nínú yàrá mi. Àfi bí 128 ṣe yọ.

Ta ló gbà á? Èmi kọ́, n kò kọjá 40 rí. Ẹ̀gbọ́n mi? Ojú mi náà ni wọ́n ṣe gba 93 lánàá òde yìí. Ó ku ẹnì kan.

Aládùúgbò wa jẹ́ opó, Yorùbá láti apá Nàìjíríà, tó máa ń gba Sèmè-Kpodji kọjá lọ kó aṣọ tó ń tà. Kì í lọ sọ́jà ní Ọjọ́rú. Ọjọ́rú sì ni èmi máa ń lọ fi orin kọ́ra pẹ̀lú ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo yí ẹ̀rọ náà padà sí ojú fèrèsé, mo sì rí ohun tí mo ń wá: èèpo ẹ̀pà pupa kan, bíńtín, tó há sí ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnnì. Aládùúgbò ló máa ń jẹ ẹ̀pà yíyan, kì í wọ ilé mi. Eyín mi kò gbà á.

Ọ̀rọ̀ yé mi, tàbí mo rò pé ó yé mi. Bí ọmọ tí kò mọ ìṣirò bá gbà á tán lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló bá a ṣe é. Ìdí rẹ̀ nìkan ni n kò mọ̀. Ṣé obìnrin yìí fẹ́ kí n gbà pé ọwọ́ ti san, kí ẹ̀gbọ́n mi lè tètè padà sí Ekpè, níbi tí ojú mi kò ní tó wọn? Òun kò ní ọkọ, ẹ̀gbọ́n mi kò ní aya. Ẹ̀pà kì í ṣe ohun kékeré láàárín àgbàlagbà méjì.

Mo pa ẹ̀rọ náà, mo gbé e padà sí àyè rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe eré tán láàárọ̀ ọjọ́ náà, 95 ni.

“Ṣé ó pé ọgọ́rùn-ún?” ni wọ́n bi mí.

“Ó ku márùn-ún, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ọwọ́ yìí!” Wọ́n fi ọwọ́ òsì gbá ọ̀tún bí ẹni ń gbá ọmọ tó ń ṣagídí. “Ọ̀lẹ pátápátá ni.”

Mo wo ojú wọn. Kò sí ohun tí mo rí kà níbẹ̀, ìyẹn gan-an sì bà mí nínú jẹ́.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, mo mú ẹfun ìkọ̀wé aláwọ̀ búlúù kan nínú páálí tí mo kó kúrò nílé ìwé. Mo lọ̀ ọ́ kúnná, mo fi ìka pa á sára bọ́tìnnì méjèèjì tó wà lápá ọ̀tún, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí ẹni tí kò wá a kò fi ní rí i. Báyìí ni mo ṣe mú ẹni tó ń jí ṣúgà mi nínú kíláàsì nígbà kan. Mo fi aṣọ wé ẹ̀rọ náà, mo gbé e sórí tábìlì, mo dágbére, mo jáde.

Orin kan péré ni mo kọ. Mo ní orí ń fọ́ mi. Irọ́ ni, mo sì ti tọrọ ìdáríjì lórí rẹ̀.

Mo gbọ́ ẹ̀rín aládùúgbò láti ẹnu géètì. Nígbà tí mo fi máa wọlé, àwọn méjèèjì ń jẹ ẹ̀pà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ̀rọ náà sì wà lórí tábìlì nínú aṣọ rẹ̀. Wíwé rẹ̀ tilẹ̀ dára ju bí mo ti wé e lọ.

“Ẹ káàbọ̀, Mà,” ni aládùúgbò wí. “Orin tètè tán lónìí o.”

“Ó tán. Jẹ́ kí n rí ọwọ́ rẹ.”

“Ọwọ́ mi kẹ̀?”

“Méjèèjì.”

Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ọmọ iléèwé tí à ń yẹ èékánná rẹ̀ wò. Iyọ̀ ẹ̀pà nìkan ló wà níbẹ̀.

“Kí ni mo jí, Mà? Ẹ̀yin tíṣà! Lọ́jọ́ kan, ẹ ó mú òjìji ara yín, ẹ ó ní kó kúnlẹ̀.”

Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. “Ẹ jọ̀ọ́, àtàǹpàkò yín.”

Wọ́n gbé ti òsì sókè.

“Èkejì.”

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọwọ́ ọ̀tún tó jáde lábẹ́ itan. Àtàǹpàkò náà ti di búlúù láti orí dé oríkèé.

“Ẹ jẹ́ kí n lọ wo ọbẹ̀ mi lórí iná,” ni aládùúgbò wí, ó sì gbé abọ́ ẹ̀pà rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dáná rárá lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ọmọbìnrin kan ni mo rántí lórí ìdúró. Kíláàsì mi ní Kétu ló wà. Á ṣe ìṣirò rẹ̀ láṣeyege lórí síléètì, á sì fi apá ẹ̀wù nù ún kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á kọ èyí tí kò tọ́. Bí ó bá gòkè kíláàsì, ìlú mìíràn ni wọn yóò mú un lọ, lọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ̀. Lára rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ pé onírúurú ni àṣìṣe ẹni tí kò mọ̀, ṣùgbọ́n ojú kan náà ni ẹni tó mọ̀ ń ṣubú sí. Mo ti fi ẹ̀kọ́ yẹn kọ́ àwọn olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. 94, 91, 97, 95, 93. Ọwọ́ mi ló kọ wọ́n, n kò sì kà wọ́n.

“Ẹ ń tàn mí, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Mo ń tàn ọ́.”

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi sunkún lórí ọwọ́ yìí!”

“Mo gbọ́ ọ. Ògiri ilé rẹ kò nípọn.” Wọ́n ń fi ìka nu ẹfun náà, kò sì lọ. “Kí ni ǹ bá sọ? Kí n ní kí àbúrò mi obìnrin fún mi ní yàrá? Èmi tí mo gbé ọ kọ́rùn lọ sílé ìwé? Àgbà tó ń ṣàìsàn lè sùn nílé àbúrò rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ara bá ti yá, kó lọ sílé rẹ̀.”

“Ilé yín ni ibí náà.”

“Ẹnu lásán nìyẹn. Ní Ekpè, bí mo bá de bọ́tìnnì mi gba ihò tí kì í ṣe tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni màá ṣe rìn dalẹ́. Kò sẹ́ni tí yóò sọ fún mi. Níbí, kí n tó jáde ní yàrá ni o ti sọ ọ́.”

Wọ́n na ọwọ́ sí mi. “Gbé káyé rẹ wá, Mètírẹ́ẹ̀sì.”

Báyìí ni wọ́n máa ń pè mí bí wọ́n bá fẹ́ fi mí ṣẹ̀fẹ̀, bí àwọn ọmọ kíláàsì ti ń pè mí. Mo gbé e wá. Wọ́n ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, wọ́n gbé àtàǹpàkò búlúù náà lé e, àpá rẹ̀ sì wà níbẹ̀ títí di òní.

“Ta ló fa igi sí ọgọ́ta yìí?”

“Èmi ni.”

“Ta ló fa igi sí ọgọ́rin?”

“Mo fẹ́ kó dájú ni.”

“Kó dájú pé kí ni? Mo ti de bọ́tìnnì fúnra mi láti ìgbà tí mo ti gba 60, o sì rí i. Àwa méjèèjì la jí ìwé wò nínú ìdánwò yìí. Bí mo bá gba ọgọ́rùn-ún lọ́la, o ti pèsè àádóje dè mí, àbí?”

Mo ṣí ẹnu láti tún ọ̀rọ̀ wọn ṣe. Àádóje kọ́. Ọgọ́fà ni mo ti ń rò.

Mo pa ẹnu mi dé. Mo di àga mú, mo kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nítorí orúnkún mi. “Èmi ni mo ń bẹ̀ yín,” ni mo wí. “Ẹ má padà lọ. Ẹ dúró tì mí.”

“Dìde, jọ̀ọ́. Ta ni yóò gbé ọ bí o kò bá lè dìde? Èmi, pẹ̀lú ọwọ́ kan?”

“Ọwọ́ méjì,” ni mo wí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n tú aṣọ lára ẹ̀rọ náà, wọ́n tan án, mo jókòó tì wọ́n bí ìṣe mi. Òkúta ń já bọ́, àtàǹpàkò ń yí i, kò fi ibì kan dúró. Ó kọjá 97. Ó kọjá ọgọ́rùn-ún. 112 ni wọ́n ti ṣubú, ìṣubú tòótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí, nítorí wọ́n bú òkúta náà. Mo kọ ọ́ sínú káyé.

“Ní Sátidé, a ó lọ sí Ekpè,” ni wọ́n wí.

Mo gbé káyé sílẹ̀. “Kí ẹ lè dúró síbẹ̀?”

“Kí n lè gbé àga mi wá. Èyí tó o fi ń dá mi lóró yìí ti fọ́ mi lẹ́yìn. Aládùúgbò ní òun mọ ẹni tó ní ọkọ̀ akẹ́rù, òun á sì bá wa lọ.”

“Aládùúgbò kẹ̀? Kí ló fẹ́ lọ ṣe?”

“Bi í léèrè.”

Màá bi í. N kò tíì parí ọ̀rọ̀ ẹ̀pà yẹn. Àmọ́ ohun mìíràn ni ojú mi wà lára rẹ̀ lákòókò náà.

“Bọ́tìnnì yín kejì, ẹ̀gbọ́n mi. Ihò kẹta ló wà.”

Wọ́n wolẹ̀ wo àyà wọn. Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún tú u, wọ́n sì fi ọwọ́ ọ̀tún náà wá ihò rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí búlúù ń ta sí ẹ̀wù funfun. Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì sórí itan, n kò bá wọn ṣe é.