Ọjọ́ Tí Mo Gbé Ìdí Jíìpù Mi Sókè

Ọjọ́ tí mo gbé ìdí jíìpù mi sókè ni n kò lè gbàgbé títí wọn ó fi sin mí.

Jíìpù yẹn la fi ń kó gàrí ìyàwó mi, Ìyá Ràṣídì, láti Ìjẹ̀bú-Imuṣin wá sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹrù a máa pọ̀ débi pé ìdí ọkọ̀ ń wọ́lẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Múfú mẹkáníìkì fi ewé irin méjì kún sípíríìǹgì ẹ̀yìn. Ọkọ̀ òfìfo wá ga fíofío.

Múfú ní, “Bàbá, tí ẹ bá di ẹrù sí i, á wálẹ̀.”

Orúnkún ń dun Ìyá Ràṣídì. Ó gbẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti wọ ọkọ̀, kò tó o.

“Bàbá Ràṣídì, ṣé kí n lọ yá àkàbà ni?”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá tẹ̀lé mi lọ sí Ìjẹ̀bú-Imuṣin. Àpótí tí Múfú ń jókòó lé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbẹ̀; n kò ronú kàn án.

Mo di gàrí tán, ọkọ̀ wálẹ̀ dé ibi tí ẹsẹ̀ Ìyá Ràṣídì ì bá tó. Ìgbà náà ni wọ́n pè mí pé Márúwá tó gbé e ti dojú dé ní kọ́nà. Kí n tó débẹ̀, ìyàwó mi ti dákẹ́.

Láti ọjọ́ náà, àpótí kan ń bẹ nínú jíìpù mi. Kò sẹ́ni tó ń fi gun ọkọ̀.