Táyé Lọ Tọ́ Ẹ̀rọ Wò

Mo rántí ìgbà tí mo fa ẹ̀gẹ́ lóko wa lẹ́yìn Igbó-Ọrà tí ọwọ́ mi kán. Ẹ̀gẹ́ lásán o! Ogun abẹ́lé ò tíì parí pẹ́, mi ò sì tíì pé ogójì ọdún, àmọ́ gbogbo egungun ló ń ro mí bíi ti arúgbó. Nílé ìwòsàn ńlá kan n'Íbàdàn, dókítà ní àwọn kókó wẹ́wẹ́ kan wà lẹ́yìn gògóńgò èèyàn, wọn ò ju hóró ẹ̀wà lọ. Ọ̀kan nínú tèmi ń ṣiṣẹ́ àṣejù, ó ń fa agbára egungun mi dà sínú ẹ̀jẹ̀. Òun máa yọ ọ́, àmọ́ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya àwòrán ibi tó wà, kí òun má baà máa fi ọ̀bẹ wá a kiri.

Mo yọjú wo ẹ̀rọ ọ̀hún: irin gàgàrà tó ń rìn lókè ọrùn èèyàn, tó ń dún ta-ta-ta. Ẹsẹ̀ mi kọ̀. Mo yíjú sí ìkejì mi tó sìn mí wá, ẹni tí ìyá wa gan-an máa ń ṣì pè mọ́ mi.

"Táyé, ṣebí ìwọ ni mo rán wá tọ́ ayé wò? Lọ bá mi tọ́ eléyìí náà wò."

"Ẹ̀gbọ́n mi ojo!" Ó rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n pe orúkọ mi, ó jẹ́ ẹ, ó gba abẹ́rẹ́, ó sùn sábẹ́ irin.

Nígbà tó yá, dókítà gbé àwòrán dé, ó fọwọ́ lé àmì dúdú kan. "Ìyá, a ti rí i. Apá òsì ọrùn yín ló wà."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Dókítà, ẹ má bínú, ọrùn Táyé nìyẹn."

Dókítà wo Táyé, ó tún wo àwòrán. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Táyé tó ń pọnmi fún mi, tó ń gbé mi sọ́kọ̀! Àìsàn kan náà ń jẹ ẹ́ lábẹ́lẹ̀. Yéè, mo kígbe.

Kíá ni wọ́n gbé èmi náà sábẹ́ ẹ̀rọ. Tèmi ò tiẹ̀ sí lọ́rùn, inú àyà ló lọ bà sí, nítòsí ọkàn. Ọrùn òfìfo ni wọn ì bá là.

Táyé ló tún ṣáájú wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Mi ò rán an lọ́tẹ̀ yìí. Mo jókòó síta. Bí wọ́n ṣe ń tì í bọ̀, mo gbọ́ tó ń sunkún. Àwọn àgbà ní ẹkún Táyé ni Kẹ́hìndé ń gbọ́ tó fi ń mọ̀ pé ayé dára. Mo ní kí wọ́n máa gbé mi wọlé.

A ti darúgbó báyìí. Àpá tirẹ̀ wà lọ́rùn, tèmi wà láyà. Kò sẹ́ni tó ń ṣì wá pè mọ́.