Aràn Ni, Kì í Ṣe Ìran

Gbogbo àdúgbò mọ̀ pé Ìyá Alábẹ́rẹ́ kì í ṣi aṣọ gé. Ìdí nìyẹn tí ẹnu fi yà wọ́n lọ́jọ́ tó mú àlùmọ́gàjí, tó gé aṣọ ìgbéyàwó oníbàárà rẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ, tó ní aṣọ náà ń bú òun. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ògiri jà.

Nígbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀ díẹ̀, ẹ̀rù ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń bà á. Inú wèrè ni ìyá tó bí i kú sí. Bó bá ti wá kan òun báyìí, ọmọbìnrin òun ló kù. Ọmọ náà sì mọ̀. Láti ìgbà tí àìsàn náà ti dé ni kò ti dá ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ lóhùn mọ́.

Lọ́jọ́ kan, gìrì gbé ìyá náà ṣubú nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọmọ rẹ̀ sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n sì ya àwòrán inú orí rẹ̀. Dókítà fìka tọ́ka sí àwọn nǹkan róbótó kéékèèké.

“Màmá, aràn ni.”

Ìyá Alábẹ́rẹ́ bú sẹ́kún. “Mo mọ̀! Mo mọ̀ pé ìran wa ni!”

“Màmá, mi ò sọ pé ìran.”

“Etí mi ò di, dókítà. Orí mi ló dàrú.”

“Màámi, aràn ni wọ́n pè é!” ni ọmọ rẹ̀ wí. “Aràn, irú èyí tó máa ń wà nínú ikùn!”

“Ẹyin rẹ̀ ló bá oúnjẹ tàbí ọwọ́ tí wọn ò fọ̀ wọ inú yín,” ni dókítà ṣàlàyé. “Nígbà tó pa, àwọn ọmọ rẹ̀ bá ẹ̀jẹ̀ gòkè lọ sínú ọpọlọ yín. Kì í ṣe gbogbo wèrè ni aràn ń fà o, ṣùgbọ́n òun ló fa tiyín. Oògùn rẹ̀ wà. Ẹ máa dúró lọ́dọ̀ wa ká lè máa ṣọ́ yín bí ẹ ṣe ń lò ó.”

“Ìyá tèmi ńkọ́?”

“Mi ò yẹ̀ wọ́n wò, màmá, mi ò lè purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ ò jogún èyí tí mo rí yìí, ọmọ yín náà ò sì ní í jogún rẹ̀.”

Ìyá Alábẹ́rẹ́ mí kanlẹ̀. “Aràn lásánlàsàn! Òun ló ń tì mí bá ògiri jà?”

Kò yá lóòjọ́. Ohùn tó ń bú u kàn ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni, títí ó fi dákẹ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ sùn dáadáa tó sì jí láìbẹ̀rù, ó wo ọmọ rẹ̀ lójú.

“Ọkùnrin yẹn ńkọ́?”

“Ó ṣì ń retí èsì, màámi.”

“Kí lo wá ń dúró dè? Àbí aràn ló di ìwọ náà lẹ́nu?”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú fóònù, ó sì pe ọkùnrin náà níwájú ìyá rẹ̀.