Ìlà Gígé àti Ìlà Kíká

Òórùn irin tí ẹ̀rọ ìgérin ṣẹ̀ṣẹ̀ là kọjá ló pàdé mi lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà ní Odoakpu, ní Onitsha, lọ́jọ́ náà, n kò sì tíì jókòó tí mo fi rí i pé nǹkan ti bàjẹ́. Irin pẹlẹbẹ ńlá kan, irú èyí tí kì í dípẹtà, wà nílẹ̀ ní ọ̀nà márùn-ún. Agbada ìyangàárì ló yẹ kó dà. Ìyá kan tó ń yan gàárì ní Obosi ló gbé iṣẹ́ náà wá, èmi ni mo sì ya àwòrán rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Àdéhùn èmi àti wẹ́dà kò le rárá: ìlà tó bá ki, kó gé e, ìlà tó bá tín-ín-rín, kó ká irin sókè níbẹ̀ láti fi ṣe ẹ̀gbẹ́ agbada.

"Ọ̀gá, kí ló dé tí ẹ gé ibi tó yẹ kí ẹ ká?"

Ọmọ Igbo ni wẹ́dà náà, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ló ti kọ́ṣẹ́, Yorùbá rẹ̀ sì já gaara ju ti àwa ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Onitsha lọ. Ó na ìwé tí mo tẹ̀ fún un sí mi. "Ọmọ mi, fi ìlà tó tín-ín-rín hàn mí níbẹ̀."

Mo wò ó títí. Gbogbo ìlà náà dọ́gba. Ó yẹ kí n tọrọ àforíjì. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni kò dáa, mo gbé kọ̀ǹpútà mi, ó di ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń bá mi tẹ̀wé.

Kọ̀ǹpútà tuntun ni, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo rà á. Lójú rẹ̀, ìlà gígé ki bí okùn, ìlà kíká tín-ín-rín bí irun orí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti sọ àwòrán náà di PDF, gbogbo wọn á dọ́gba. Mo sọ ìlà gígé di ìlọ́po méjì, wọ́n dọ́gba. Mo sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, wọ́n ṣì dọ́gba. Mo pa ìlà kíká rẹ́, mo tún un yà láti ìbẹ̀rẹ̀, pàbó ni. Mo bú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mo bú iná ìjọba, mo bú ẹni tó ta kọ̀ǹpútà fún mi. Obìnrin náà kò bá mi jiyàn. Nígbà tó tẹ ìwé kẹjọ tán, ó fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà, níbi tí èèyàn ti ń yan ìwọ̀n ìwé kó tó sọ àwòrán di PDF.

"Wetin be this one wey you no mark?"

Àpótí kékeré kan ni, wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kí ìlà jáde bó ṣe ki sí. Lórí kọ̀ǹpútà mi àtijọ́, mo ti máàkì rẹ̀ tipẹ́, mo sì ti gbàgbé pé ó wà. Mo máàkì rẹ̀. Ìwé kẹsàn-án jáde bó ṣe yẹ. Inú mi ì bá dùn, ṣùgbọ́n ńṣe ni ara mi ń gbóná. Odidi ọ̀sán, nítorí ohun tí kò tó èékánná! Àwọn àgbà ní bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi ní kọ̀ǹpútà, n kò ní sùúrù láti wo ìwé tí mo tẹ̀ kí n tó fà á lé oníṣẹ́ lọ́wọ́.

Wẹ́dà gba ìwé tuntun náà, ó fi èékánná tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Èyí yé mi." Irin mìíràn ló gbé sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò bá mi wí.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá lẹ́yìn ìyẹn. Lọ́dún tó kọjá, mo lọ wọn ilé ìyangàárì ìyá Obosi, ó sì fi agbada náà hàn mí. Ó ní èkejì ni, pé wẹ́dà ba àkọ́kọ́ jẹ́. "Ó wá bẹ̀ mí fúnra rẹ̀. Ó ní ọwọ́ òun ló ṣì í gé."

Mo jẹ́wọ́ fún un pé àwòrán mi ni. Wẹ́dà ti fẹ̀yìn tì, ó ti padà sí ìlú rẹ̀. Mo pè é lórí fóònù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo tọrọ àforíjì tó yẹ kí n ti tọrọ látijọ́. Ó ní òun kò rántí ọ̀rọ̀ náà mọ́. Mo mọ̀ pé ó rántí.