Àdírẹ́sì Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Kọ

Òórùn ìgbẹ́ àdán ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà kóòtù ìbílẹ̀ tí mo ti ṣe akọ̀wé lágbègbè Ìlá, ní nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1990. Àwọn àdán ti sọ àjà ilé náà di tiwọn. Bí oòrùn bá ti mú páànù, òórùn wọn á sọ̀kalẹ̀, á dà pọ̀ mọ́ ti yíǹkì àti ti fáìlì àtijọ́. Ìwọ náà, ọ̀rẹ́ mi, wá kí mi níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, o fi ìborùn bo imú, o ní báwo ni mo ṣe ń jẹun níbẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà, iṣẹ́ ìjọba sì ń dùn mọ́ mi. Mo fẹ́ràn kí gbogbo àlàfo inú fọ́ọ̀mù kún, kí ìlà kan má ṣẹ́ kù. Mo rò pé ìyẹn ni wọ́n ń pè ní iṣẹ́ dáadáa.

Ìgbà ọyẹ́ ni obìnrin aránṣọ kan wá. Ó dúró síta títí àwọn ọkùnrin tó wà níwájú tábìlì mi fi lọ tán kó tó wọlé. Ìborùn dúdú ló fi bo orí, ó fà á wá síwájú débi pé ojú àti imú rẹ̀ nìkan ló hàn. Ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré, tí kò lè ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ, di etí ìró rẹ̀ mú. Aṣọ ọmọ náà ni mo kọ́kọ́ wò. Àjákù àǹkárá oríṣiríṣi ni wọ́n tò pọ̀ rán, ṣùgbọ́n ìránṣọ náà mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú òwú kò fi hàn. Ọwọ́ ló fi rán an, nítorí ọ̀rọ̀ maṣíìnì rẹ̀ gan-an ló gbé e wá sí kóòtù.

Ohun tó ń fẹ́ kò pọ̀. Ọjọ́ tó gba fúrídọ̀mù ni ìyá rẹ̀ ra maṣíìnì ìránṣọ náà fún un, ìyá ọ̀hún sì ti kú. Maṣíìnì náà wà lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, awakọ̀ kan tó ń ná gbogbo ọ̀nà agbègbè wa. Nígbà tí lílù pọ̀ jù, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sì jáde láìmú abẹ́rẹ́. Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó fi àpá kan hàn mí lápá. Àpá náà rí gẹ́lẹ́ bí ẹnu áyọ́ọ̀nù. Kò bá ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ wá, kò sì ní kí a mú ọkùnrin náà.

"Kó ṣáà fún mi ní maṣíìnì mi, kí n máa fi bọ́ ọmọ."

A bẹ̀rẹ̀ sí í kọ fọ́ọ̀mù. Orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, ohun tó ń bèèrè. Mo wá bi í pé níbo ló ń gbé.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fo ibẹ̀ yẹn."

"A kì í fo ibẹ̀."

"Kò mọ ibi tí mo wà. Nítorí pé kò mọ̀ ni mo ṣe ń rí oorun sùn. Ẹ kọ ti mọ́ṣáláṣí tí mo ti ń kírun, tàbí kí ẹ kọ ti kóòtù yín yìí. Èmi fúnra mi á máa wá wo bó ṣe ń lọ, wàláhì."

Mo wo fọ́ọ̀mù náà. Àdírẹ́sì olùpẹjọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọn ò dárúkọ mọ́ṣáláṣí. Bí mo bá dìde, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ló máa gbé mi dé yàrá bàbá ààrẹ kóòtù, adájọ́ wa, kí n lọ bèèrè lọ́wọ́ wọn. Mi ò dìde. Mi ò fẹ́ kí bàbá rò pé mi ò mọ iṣẹ́ mi. Mo ní, "Inú fáìlì ló máa wà. Ta ló máa rí i?"

Ó wò mí títí. Ó ní, "Obìnrin bíi tèmi ni yín, ìdí nìyẹn tí mo fi dúró de yín." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó sọ ọ́ fún mi: Ọ̀rà ni, ní ilé opó àgbà kan tó ń ta obì, ní ọ̀kánkán kànga. Mo kọ ọ́, àlàfo náà sì kún.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni mo kọ ìwé ìpè tí akódà kóòtù máa mú lọ fún ọkọ. Ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí nìyí: mo rí i. Nígbà tí mo dé àlàfo àdírẹ́sì olùpẹjọ́, bírò mi dúró lórí orúkọ Ọ̀rà. Ó yé mi kedere pé ìwé yìí kò lọ sínú fáìlì, ọwọ́ ọkùnrin náà ló ń lọ. Ṣùgbọ́n ebi ń pa mí, akódà sì ti di kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Àǹtí, ọjọ́ ń lọ o." Mo kọ ọ́ tán. Mo tiẹ̀ tẹ bírò mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ̀dà tó wà lábẹ́ kábọ́ọ̀nù lè hàn.

Lọ́jọ́ kejì ni akódà sọ bó ṣe lọ fún mi. Ó ní ọkùnrin náà kò bínú rárá. Mọ́tò rẹ̀ ló ń fọ̀. Ó ní kí akódà ka ìwé náà fún òun, nígbà tó sì dé ibi àdírẹ́sì, ó dáwọ́ fífọ̀ dúró. Ó ní, "Ẹ tún ibẹ̀ yẹn kà fún mi." Akódà tún un kà. Ó dúpẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó gbé mọ́tò rẹ̀ dúró ní Ọ̀rà lọ́sàn-án gangan. Ìyá ọmọ ti bá opó náà lọ sóko ẹ̀gẹ́. Ọmọ náà ń ṣeré lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn aládùúgbò ní kò sunkún. Bàbá rẹ̀ ló rí, ó sáré lọ pàdé rẹ̀, bàbá sì gbé e sínú mọ́tò lọ.

Nígbà tí ọjọ́ ẹjọ́ pé, ọkùnrin náà kò wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ló gbé maṣíìnì wá, wọ́n ti nù ún, wọ́n ti fi òróró sí i, abẹ́rẹ́ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ó ní kí n dá a padà. Òun ò bá ẹnikẹ́ni jà." Bàbá ààrẹ ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ parí. Obìnrin náà kò jókòó.

"Bàbá, ọmọ mi ńkọ́?"

Bàbá wo ìwé níwájú wọn. "Ìyá, ọmọ kò sí nínú ẹ̀sùn tí ẹ mú wá." Wọn ò fi ìkanra sọ ọ́. Wọ́n ní kó pe ẹjọ́ mìíràn, kí n sì kọ ọ́ fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ó padà wá sí iwájú tábìlì mi, mo mú fọ́ọ̀mù tuntun. Mo kọ ọ́ títí mo fi dé àdírẹ́sì olùjẹ́jọ́. Ọkùnrin náà ti kó kúrò nílùú. Àwọn kan ní ó ti gba òkè Ọya lọ, àwọn mìíràn ní Kútọnu ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ búra pé òun ò mọ̀. Akódà kò lè gbé ìwé lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Obìnrin náà gba bírò lọ́wọ́ mi, ó rọra fi í lélẹ̀. Ó ní, "Ẹ ní inú fáìlì ni." Kò pariwo. Ó ká òṣùká, wọ́n bá a gbé maṣíìnì rù, ó sì lọ.

Ìgbà yẹn ni mo tó rin ìṣísẹ̀ mẹ́wàá yẹn. Mo bi bàbá ààrẹ pé ṣé a lè kọ àdírẹ́sì kóòtù fún olùpẹjọ́ tí ẹ̀rù ń bà. Wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Kí ló dé tí a ò ní lè kọ ọ́? Ṣé o bi mí rí ni?"

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ sí Ọ̀rà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, ó wọlé, kò sì jáde mọ́. Nígbà tí mo padà lọ, ó ti kó lọ. Mo bi opó náà pé níbo. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní òun ò ní sọ, ó sì ń to obì rẹ̀ lọ. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Ó mọ ohun tí èmi tí mo kàwé kò mọ̀.

Mo lò ju ogún ọdún lọ lẹ́nu iṣẹ́ náà lẹ́yìn ìyẹn. Kí n tó kọ ohunkóhun sí àlàfo yẹn, mo máa ń bèèrè pé, "Ta ni ẹ ò fẹ́ kó mọ ibi tí ẹ ń gbé?" Ọ̀pọ̀ wọn á rẹ́rìn-ín. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ò ní rẹ́rìn-ín, á kọ́kọ́ wẹ̀yìn kó tó dáhùn, màá sì kọ ti kóòtù fún un. Mo rò pé bí wọ́n bá ti ń pọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ tàkọ́kọ́ á fúyẹ́ lọ́kàn mi. Kò fúyẹ́. Mo ti máa ń sọ pé òfin ni mo tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n kò sí òfin kankan níbẹ̀. Ojú ló ń tì mí láti bèèrè, ẹlòmíràn ló sì fi ọmọ san án. Ọmọ yẹn á ti tó ẹni ọgbọ̀n ọdún báyìí, bí Ọlọ́run bá dá a sí. Ohun tí mo máa ń rò jù ni ohun tí wọ́n á ti sọ fún un nípa ìyá rẹ̀, àti bóyá ẹnì kan wà tó sọ fún un pé ìyá náà kò fi í sílẹ̀.