Àkùkọ Àgbàsìn Bàbá Bùkúnmi

Àṣìṣe kékeré kan ló sọ Ọlátúbọ̀sún káfíńtà, tí gbogbo Ìrè-Èkìtì mọ̀ sí Bàbá Bùkúnmi, di ẹni ìtàn. Àwọn kan ń sọ pé òròmọdìẹ mẹ́rìnlá ló rà lọ́jọ́ náà ní ọjà Ìkọ̀lé. Kì í ṣe mẹ́rìnlá. Méjìlá ni. Ẹni tó bá máa sọ ìtàn náà, kó sọ ọ́ bó ṣe rí, torí kò nílò àbùlà.

Títílọpẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló rán an níṣẹ́. Àgbébọ̀ méjì péré ló wà lẹ́yìnkùlé wọn, obìnrin náà sì fẹ́ kí ẹyin pọ̀ nílé. Abo nìkan ló ní kó rà. Sọ̀fíyátù tó ń ta òròmọdìẹ ní kí Bàbá jẹ́ kí òun bá a ṣà wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni Bàbá fi dá a lóhùn. Ó ní ìyá òun àgbà ti kọ́ òun: di òròmọdìẹ mú lẹ́sẹ̀, kí o da orí rẹ̀ kodò, èyí tó bá ń jà, akọ ni, èyí tó bá dákẹ́, abo ni.

"Bàbá," ni Sọ̀fíyátù wí, "nílé tiyín, ṣé obìnrin ló máa ń dákẹ́ níbẹ̀?"

Bàbá ṣa méjìlá tó dákẹ́ jù, ó kó wọn sínú páálí, ó gun ọ̀kadà wálé, ó sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó pàdé pé kí wọ́n máa múra àtira ẹyin. Oṣù mélòó kan kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ohùn kan jáde látinú ilé adìẹ, ó há bí irin tó ti dógùn-ún. Títílọpẹ́ yíjú wo ọkọ rẹ̀. Bàbá ní òtútù ló mú abo náà. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yẹn fi máa parí, òtútù ọ̀hún ti ran àwọn mọ́kànlá yòókù.

Kí á má pè é ní òpùrọ́ o. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni kò sí lẹ́nu rẹ̀: "Mo ṣì í." Ó kan ilẹ̀kùn nígbà kan fún Àlímì aládùúgbò rẹ̀, ẹni tó máa ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí. Ilẹ̀kùn náà kọ̀, kò pa dé. Bàbá yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó ní ilẹ̀kùn gidi gbọ́dọ̀ máa mí. Ilẹ̀kùn náà ṣì ń mí títí dòní.

Àlímì yìí kan náà ló kọ́kọ́ mú ẹjọ́ àwọn àkùkọ wá. Láti ọjọ́ pípẹ́, ohùn àkùkọ ló máa ń jí i lọ pe ìrun àsùbáà. Nígbà tó wá di méjìlá, tí ohùn wọn kò ṣọ̀kan, ọkùnrin náà ti dé mọ́ṣáláṣí lọ́gànjọ́ òru láìbá ẹnì kankan níbẹ̀ àfi ewúrẹ́ tó sùn sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "àwọn àkùkọ yín ò mọ àsìkò."

"Ọ̀kan nínú wọn mọ̀ ọ́n dáadáa," ni Bàbá fèsì. "Ìwọ ni kò mọ èyí tó yẹ kó o gbọ́."

Ṣùgbọ́n àgbébọ̀ méjèèjì ló ń jẹ ìyà ibẹ̀. Àgbàlá náà kò fẹ̀ ju yàrá méjì lọ. Àwọn àkùkọ gùn wọ́n títí ìyẹ́ ẹ̀yìn wọn fi re tán. Títílọpẹ́ gé ògbólógbòó ìró, ó rán aṣọ kékeré bò wọ́n lẹ́yìn. Taṣọtaṣọ ni wọ́n sá gun òrùlé ilé ìdáná, wọ́n sì kọ̀, wọn ò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ń yé sí, tí ẹyin ń yí bọ́ lulẹ̀, tó ń fọ́.

Bùkúnmi ọmọ wọn pè láti Ìbàdàn, ó ní kí wọ́n pa àwọn àkùkọ náà jẹ. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Ó ti yí ohùn padà nígbà yẹn: àkùkọ gan-an lòún fẹ́ rà látìbẹ̀rẹ̀. Bó bá wá pa wọ́n, tàbí tó tà wọ́n, ṣé kò ti gbà pé òun ṣì í nìyẹn?

Ni Títílọpẹ́ bá di ẹrù rẹ̀. Ó gbé báàgì sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó lé e. Kò pariwo.

"Bàbá Bùkúnmi," ó ní, "mo ti ń bá yín gbé ilé yìí láti ìgbà tí irun orí yín ti dúdú. Yálà kí àwọn àkùkọ yìí dín, tàbí kí èmi dín."

Bàbá wo báàgì náà, ó wo ojú ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Iṣu tó wà níwájú Bàbá tutù, kò fọwọ́ kàn án. Nígbà tó yá, ó dìde, ó ki àkùkọ méjì mọ́lẹ̀, ó fi wọ́n há abíyá, ó bọ́ síta.

Ẹni tó bá dàgbà nílẹ̀ wa mọ ohun tí à ń pè ní àgbàsìn: o gbé abo ẹran rẹ fún ẹlòmíì sìn, tó bá bí, ẹ pín ọmọ rẹ̀. Abo ni à ń gbé fúnni o. Kò sẹ́ni tó gbọ́ rí pé wọ́n gbé àkùkọ fúnni sìn, àfi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bàbá dé ọ̀dọ̀ Àlímì, ó ní èyí tó mọ àsìkò lòún mú wá fún un. Ó gba ojúlé dé ojúlé, ó ń lọ, ó ń bọ̀, títí tó fi ku ẹyọ kan ṣoṣo lẹ́yìnkùlé. Nígbà tó darí wálé, báàgì ti padà sí yàrá, àgbébọ̀ kan sì ti sọ̀ kalẹ̀.

Ó wá ku ìpín. Bí adìẹ ẹnikẹ́ni bá ti pamọ ládùúgbò, Bàbá á dé, á lóṣòó, á tẹjú mọ́ àwọn òròmọdìẹ. "Ẹ wo ìrìn èyí," á ní. "Ọmọ tèmi ni." Mùjídátù, ìyàwó Àlímì, ló wá ojútùú sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, tiyín ni lóòótọ́," ó ní. "Ẹ ṣáà sọ pé ẹ ṣì í lọ́jà Ìkọ̀lé, kí ẹ gba ìpín yín."

Bàbá dìde, ó gbọn ẹ̀wù rẹ̀, ó gba ilé lọ. Ọ̀rọ̀ náà tàn, ohun kan náà ni gbogbo ilé sì ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gba òròmọdìẹ kan títí ọjọ́ fi lọ.

Ìgbà ọyẹ́ èṣí ni àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó pe ìyàwó rẹ̀ súnmọ́ ibùsùn.

"Títílọpẹ́, àwọn òròmọdìẹ tí mo rà nígbà yẹn."

Obìnrin náà dì í lọ́wọ́ mú. "Mo mọ̀, Bàbá Bùkúnmi."

"Kí lo mọ̀? Mo ní ẹyọ kan tó kù nínú wọn ò tíì mumi láti àárọ̀."

Títílọpẹ́ rẹ́rìn-ín títí tó fi bu omi fún àkùkọ náà. Nígbà tó padà wọlé, Bàbá náà ń rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ sígbà náà tó fi kú.

Wọ́n sin ín sídìí igi ọsàn lẹ́yìnkùlé tán, Àlímì wọlé, ó gbá àkùkọ kan mọ́ àyà. Ó ní ìpín ẹ̀gbọ́n nìyẹn, òun ò sì béèrè ohunkóhun mọ́. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e, ojúlé dé ojúlé. Àkùkọ ni gbogbo wọn mú wá, torí ta ni í yọ̀ǹda àgbébọ̀ tó ń yé? Ẹ̀yìnkùlé kún bíi tàtijọ́. Bùkúnmi ní kí ìyá òun máa bọ̀ ní Ìbàdàn. Títílọpẹ́ bi í pé ta ni yóò máa fún wọn lómi.

Sọ̀fíyátù ló dé kẹ́yìn, láti Ìkọ̀lé, pẹ̀lú òròmọdìẹ kan lọ́wọ́. Ó ní òun fọwọ́ ara òun ṣà á ni, abo ni. Títílọpẹ́ sìn ín dàgbà. Láìpẹ́ yìí, adìẹ náà na ọrùn lórí ògiri, ó sì kọ, ohùn rẹ̀ há bí irin tó ti dógùn-ún.

"Màmá," ni Àlímì wí láti òdìkejì ògiri, "ṣé abo tí Sọ̀fíyátù mú wá nìyẹn?"

"Òun ni," ni Títílọpẹ́ dáhùn. "Òtútù ló mú un."

Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi fi etí ìró nu ojú. Lẹ́yìn náà, ó gbé abọ́ omi, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ibẹ̀ ni Bàbá Bùkúnmi wà, láàárín igi ọsàn àti ilé adìẹ.