Abọ́sẹ̀dé Tó Fọ Àtíkè Kúrò Lójú ní Ọ̀nà Ìdó

Abọ́sẹ̀dé o! Àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ọ́fíìsì mi ṣì ń retí rẹ. Mi ò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀. Bí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, mo ṣì máa ń gbé ojú sókè.

Ẹ̀yin ará tí ẹ wá láti Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó, ọ̀pọ̀ yín ló ń gbọ́ pé Bọ́sẹ̀ lọ sí àpéjọ, tí ẹ rò pé ìsọjí ni. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ là á yé yín, nítorí èmi ni mo kọ́ ọ ní lítíréṣọ̀ ní yunifásítì. Àpéjọ olólùfẹ́ ìtàn ni ibi tí àwọn tó fẹ́ràn ìwé tàbí fíìmù kan ti ń pàdé. Wọ́n á múra bí àwọn ènìyàn inú ìtàn náà, wọ́n á ya àwòrán wọn, wọ́n á sì máa jiyàn lórí ohun tí òǹkọ̀wé kọ àti ohun tí kò kọ. Wọn kì í bọ nǹkan kan níbẹ̀. Eré ni, ṣùgbọ́n eré tó ń fẹ́ ọpọlọ ni.

Bọ́sẹ̀, ìyá rẹ tó ń ránṣọ ní Ìkọ̀lé ló máa ń rán aṣọ eré náà. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ bó ṣe máa ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ fún mi: "Bọ́sẹ̀, uṣẹ́ ulé-ùwé rè é, àbí uṣẹ́ eégún?" O ní, "Màámi, méjèèjì ni. Ẹ ṣáà jẹ́ kí apá rẹ̀ gbà mí." Ìyá rẹ a kùn, a kùn, a sì rán an.

Fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n ń pe àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ tó bá ọ wáyé. Nígbà tí mo rí bó ṣe ń rẹ̀ ọ́, mo ní kí o fi àpéjọ sílẹ̀ títí o fi máa gboyè. O dá mi lóhùn jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ má bínú, Ma. Ẹni tí kò mọ̀ bóyá ara òun á yá lọ́la kì í yan ọ̀kan nínú méjì." Orí ibùsùn ọsibítù lo ti ń kọ iṣẹ́ tí mo bá fún yín, iṣẹ́ rẹ a sì dé ọwọ́ mi ṣáájú tàwọn tí nǹkan kan ò ṣe.

Ọjọ́ kan wà tí ìdánwò mi àti àpéjọ bọ́ sí ọjọ́ kan náà. Ìdánwò wà ní Ọ̀yẹ́ láàárọ̀, àpéjọ wà ní Ìdó lọ́sàn-án. O wọ gbọ̀ngán ìdánwò tìwọ ti ẹ̀wù gígùn aláwọ̀ àlùkò, o sì kun àtíkè funfun báláú títí dé ọrùn. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ pariwo pé, "Bọ́sẹ̀, ta ló da láfún sí ọ lójú?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. O kọ ìdánwò rẹ tán, o gbé e wá fún mi.

Mo ní, "Abọ́sẹ̀dé, kí ni funfun yìí?"

"Ma, mo fẹ́ ṣe bí ọ̀gá ọkọ̀ tó ń rìn láàárín ìràwọ̀, nínú ìwé tí mo fẹ́ràn yẹn. Òyìnbó ni."

"Ojú ìwé wo ni wọ́n kọ ọ́ sí?"

Ẹ̀yin tí mo ti kọ́ rí, ẹ mọ̀ pé ìbéèrè mi nìyẹn fún gbogbo ènìyàn. O rẹ́rìn-ín, o ní, "Ma, gbogbo ayé ló mọ̀." Mo ní gbogbo ayé kì í ṣe ojú ìwé.

Inú takisí lo ti ṣí ìwé náà. O ti kà á tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. O wá ibi tí wọ́n ti pè é ní òyìnbó títí ẹ fi dé Ìfàkì. Òǹkọ̀wé sọ pé obìnrin ni ọ̀gá ọkọ̀ náà, pé ó ga, pé àpá kan wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, pé ó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó bínú. Kò sọ àwọ̀ rẹ̀ níbì kankan. Nígbà tí awakọ̀ dúró kó èrò ní Ìfàkì, o ra omi inú ọ̀rá, o fọ ojú rẹ. Ìyá tó jókòó tì ọ́ wò ọ́, ó ní, "Háà, ọmọ mi, àṣé o lẹ́wà báyìí!" Ojú tí ìyá rẹ bí mọ́ ọ lo gbé dé Ìdó.

Nígbà tí o padà dé, o dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì mi, o ò tiẹ̀ kí mi. "Ma, kò sí níbẹ̀. Ta wá ló kùn ún ní funfun?"

Ìbéèrè yẹn ló di iṣẹ́ àṣekágbá rẹ. Bí òǹkọ̀wé kò bá sọ àwọ̀ ènìyàn, òǹkàwé ni yóò dí àlàfo náà. Kí ló wá dé tí ọmọ Ìkọ̀lé, tí kò bá òyìnbó jẹun rí, fi jẹ́ pé òyìnbó ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn? O tọ́ka sí i fún mi pé nínú ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá dúdú nìkan ni wọ́n ń sọ àwọ̀ rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń kéde pé àlejò wọlé. Wọn kì í sọ tàwọn yòókù, nítorí wọ́n ti di onílé.

Mo ní kí o pa irú ìwé wọ̀nyẹn tì nígbà náà, kí o gbájú mọ́ tiwa. O ní, "Ma, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn ilé, tó wá rí i pé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ há, ṣé kó sá ni, àbí kó pe káfíńtà?" Ká ní mo lè gbọ́ iyàn rẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, màá jẹ́ kí o borí.

Orí tó kẹ́yìn nínú iṣẹ́ àṣekágbá rẹ ni kò parí. Ohun tí o fẹ́ ṣe ni pé ní àpéjọ tó ń bọ̀, kí gbogbo ènìyàn gbọ́ bí òǹkọ̀wé ṣe ṣàpèjúwe ọ̀gá ọkọ̀, kí wọ́n sì yàwòrán rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Nínú àwòrán wọn lo ti fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn tó ti gbọ́ ìbéèrè rẹ ti ń rí ojú mìíràn. O ti ra pẹ́ńsùlù oríṣiríṣi àwọ̀ sílẹ̀. Àìsàn náà tún dé. A gbé ọ lọ sí ọsibítù, à ń retí pé o máa dìde bí o ti máa ń dìde. Lọ́tẹ̀ yìí, o ò dìde mọ́.

Abọ́sẹ̀dé, ọmọ aránṣọ Ìkọ̀lé, aláwàdà tó ń fi ìrora rẹ́rìn-ín, ara tó ń ro ọ́ ti sinmi. Sùn wọ̀ọ̀. Sùn, ọmọ mi, a ó bá ọ parí orí tó kù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, a mọ̀ọ́mọ̀ fi ojú ìwé tó kẹ́yìn nínú ìwé ètò ìsìnkú yìí sílẹ̀ lófo ni. Àwọn ọ̀rẹ́ Bọ́sẹ̀ yóò pín pẹ́ńsùlù rẹ̀ fún yín. Mo mọ̀ pé nígbà tí mo ti sọ ìtàn náà, ẹ ti mọ ohun tí à ń wá, ìwádìí rẹ̀ kò sì mọ́ tó bó ṣe yẹ. Bọ́sẹ̀ ì bá ti bá mi jà. Síbẹ̀, ẹ bá wa yà á. Obìnrin kan ga, àpá kan wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó bínú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn gan-an ni kí ẹ yà, kì í ṣe ẹni tí ẹ rò pé yóò dùn mọ́ mi nínú. Ẹ fa ojú ìwé náà ya, kí ẹ fi í sínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìyá rẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Tèmi ti wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wo ti ẹni tó jókòó tì yín.